Ta Ló Jẹ Itan Rẹ̀?

Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní Límpópò,
ní oko ẹran tí wọ́n fi wáyà yí ká.
Nígbà tí mo padà dé Ògòtún,
Fámúrewá, àbúrò bàbá mi, kò bi mí léèrè owó.
Ó ní, "Mo gbọ́ pé iṣẹ́ ọdẹ lo lọ ṣe.
Irú ẹran wo ló wà lọ́hùn-ún?"

Mo ní kúdù wà, ìwo rẹ̀ lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀;
ìmpálà wà, pupa bí erùpẹ̀ ọ̀nà Ìgbárá-Odò,
tó bá fò, wàá rò pé ilẹ̀ ló ta á nípàá.
Mo ní òyìnbó á wọ bàálù wá láti òkèèrè,
á san owó tó tó kọ́ ilé,
á yìnbọn lẹ́ẹ̀kan.
Mo fi fóònù hàn án:
ọkùnrin kan kúnlẹ̀ lẹ́bàá kúdù, ó ń rẹ́rìn-ín,
ẹran náà gbórí sókè bí ẹni tí wọ́n pè.

Fámúrewá na fóònù jìnnà sójú,
ó wò ó, ó tún wò ó.
"Ta ló jẹ itan rẹ̀?"
Mo ní orí ni wọ́n gbé lọ, ara ògiri ni wọ́n gbé e kọ́ sí.
"Mo gbọ́. Itan ńkọ́?"

N kò mọ̀.
Ọdún mẹ́fà, n kò bèèrè.

Lóru ọjọ́ kẹta a gba ẹ̀yìn oko kòkó lọ,
síbi tí ìyeyè ti ń já bọ́ fúnra rẹ̀.
Ó de iná kábáàdì mọ́ iwájú orí.
Kò sí wáyà. Kò sẹ́ni tó ka ẹran náà sínú ìwé,
kò sẹ́ni tó lè búra pé yóò wá.
Ẹ̀fọn jẹ wá títí ẹsẹ̀ mi fi kú.
Mo lanu, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi:
"Ugbó ń gbọ́."

Nígbà tó ṣe, ìyeyè kan fọ́ lábẹ́ eyín.
Ojú méjì tàn, bí ẹyin iná tí eérú fẹ́ bò.
Ẹtu ni. Akọ. Kò ju ewúrẹ́ ilé lọ.
Fámúrewá kò yára.
Ṣakabùlà dún, òkè Ògòtún dá a lóhùn,
gbogbo kòkòrò sì dákẹ́
bí ìgbà tí àlejò wọlé bá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀.
Ọwọ́ mi ti wọ àpò, ó ti fa aṣọ yọ,
mo ti ń nu ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.
Iṣẹ́ mi nìyẹn ní Límpópò, bàbá.
N kò yìnbọn rí.
Èmi ni mo máa ń nu ẹ̀jẹ̀,
èmi ni mo máa ń ti ahọ́n padà sẹ́nu,
tí mo máa ń fi òkúta gbé àgbọ̀n rẹ̀ ró
kí wọ́n tó ya fọ́tò.

Ó di ọwọ́ mi mú.
"Jẹ́ kó ṣàn. Òkú ni.
Má sọ ọ́ di òpùrọ́."

Ilẹ̀ mọ́. Ìbíwùmí aya rẹ̀ ti ẹní tó ń hun sápá kan,
ó gbé ìkòkò kaná.
Ọrùn lọ sílé olórí ọdẹ,
igẹ̀ lọ sílé opó kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.
Orí, tí mo fẹ́ tọ́jú ìwo rẹ̀
(kò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ),
ti wà nínú ata kí n tó sọ̀rọ̀.

"Ìtàn lo rù dé láti ọ̀nà jíjìn," Ìbíwùmí wí,
"jókòó, kí o jẹ itan."
Ó le. Mo jẹ ẹ́ pẹ́.
Mo tu ọta kan sínú àwo.
Ó dún.